Àmúwá Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó màlúù?

Màlúù náà wà lẹ́yìnkùlé mi ní Ìkòròdú. A so ó mọ́ ìdí máńgòrò, ó ń jẹ koríko tí ọmọ iṣẹ́ mi já fún un, kò sì mọ̀ pé ààrẹ ti bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọdún 2020. Muhammadu Buhari ní láti aago 11 alẹ́ ọjọ́ kejì, kí àwọn tó wà ní Èkó, ní Ògùn àti ní Àbújá jókòó sílé fún ọjọ́ 14 nítorí àrùn kòrónà. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ni wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọ Alájà. Wọ́n ti sáré mú ọjọ́ yẹn kí ààwẹ̀ tó wọlé. Àlejò 400, èmi ni alásè.

Iṣẹ́ ₦900,000 ni. Alájà ti san ₦600,000 sílẹ̀. Mo ti ná ₦430,000 nínú rẹ̀: màlúù ₦230,000, àpò ìrẹsì mẹ́ta ₦69,000, iṣu ₦42,000, òróró ₦27,000, ẹ̀gúsí àti pànlá ₦32,000, owó tí mo fún àwọn òṣìṣẹ́ mi sílẹ̀ ₦30,000. Orí mi ni gbogbo iye wọ̀nyí ṣì wà títí dòní, torí pé oṣù méjì gbáko ni mo fi ń kà wọ́n fún oríṣiríṣi èèyàn.

Ní ọ̀sán Mọ́ńdè, kí ọ̀nà tó dí, Alájà wá sílé mi. Kò jókòó. Ó fi ìborùn bo imú, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Ìbejì, o gbọ́ ohun tí ìjọba sọ. Àmúwá Ọlọ́run ni, kò sọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wa. Jọ̀ọ́, bá mi kó owó mi, kí n fi ra oúnjẹ sílé de ohun tó ń bọ̀."

Mo ní, "Alájà, òótọ́ lẹ sọ, àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ má bínú, owó yín ti di màlúù."

Màlúù náà sì ké lẹ́yìnkùlé bí ẹni pé wọ́n pè é.

Ọ̀rọ̀ kan náà la jọ sọ. Òun fi béèrè owó, èmi fi di owó mú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro gbólóhùn yìí tí a fi máa ń parí ẹjọ́ láàárín ara wa. Bí ọkọ̀ bá dà, àmúwá Ọlọ́run. Bí ìjì bá ká òrùlé, àmúwá Ọlọ́run. Gbogbo ohun tó ń sọ kò ju pé ọwọ́ wa mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ẹni tí yóò ru gbèsè rẹ̀ kò sí nínú gbólóhùn náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìwé tí ó wà láàárín wa. Rìsíìtì kan wà tí mo tẹ̀ ní Ṣómólú, ó ní ìlà kan nísàlẹ̀ pé owó tí a bá ti san kì í padà. Ìwé àdéhùn olójú-ewé kan tún wà tí mo dà kọ lára ti alásè ẹlẹgbẹ́ mi. Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìyẹn sọ pé bí force majeure bá ṣẹlẹ̀, a kò ní dá ẹnì kankan lẹ́bi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fún àwọn oníbàárà ní ìwé yìí fọwọ́ sí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé orúkọ lọ́yà tó kọ ọ́ ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan jẹ́ agbẹjọ́rò. Mo pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Àǹtí mi, èdè Faransé ni. Ẹ sáà máa pè é ní agbára tó ju tẹni lọ." Ó ní kí n ka ìlà náà fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní, "Ó dáa. Wọn ò ní dá yín lẹ́bi pé ẹ kò se oúnjẹ. Wọn ò ní dá Alájà lẹ́bi pé wọn kò ṣe ìnáwó. ₦600,000 wá ńkọ́?"

Ìlà náà kò sọ nǹkan kan nípa ₦600,000. Ó tú àwa méjèèjì sílẹ̀, ó sì ju owó náà sáàárín wa bí eegun láàárín ajá méjì.

Mo bi í pé ṣé òfin fúnra rẹ̀ kò ní ohun tó sọ ni. Ó ní nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bí a kò bá kọ force majeure sínú àdéhùn, adájọ́ kò ní bá wa fi í síbẹ̀. Ohun tí a bá kọ ni yóò kà, bí a bá sì ṣe kọ ọ́ ni yóò ṣe tẹ̀lé e. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan kan, ohun tó kù fún un ni kó lọ sọ fún adájọ́ pé àdéhùn náà ti forí ṣánpọ́n pátápátá, ojú ọ̀nà yẹn sì há. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń se oúnjẹ òde ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo rò ó fún un. Inú òfin Faransé ni tiwọn ti ṣẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú ìwé òfin wọn, yálà ẹ kọ ọ́ sí àdéhùn yín tàbí ẹ kò kọ ọ́. Yorùbá la jọ ń sọ, àmọ́ ẹni tó kọ́ wa lófin kò jọra.

Ìtàn tí ọmọ náà wá sọ fún mi, mo fẹ́ràn rẹ̀ jọjọ, torí ọ̀rọ̀ ọ̀wàǹbẹ̀ ni. Wọ́n fẹ́ dé Ọba Edward Keje ládé ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹfà ọdún 1902. Àwọn tí ilé wọn wà lójú ọ̀nà tí ọba yóò gbà kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn èèyàn ní yàrá, kí wọ́n lè máa wòran lójú fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Henry gba yàrá ọ̀gbẹ́ni Krell ní Pall Mall fún ọjọ́ méjì ní £75, ó sì san £25 sílẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, àìsàn inú dá ọba dùbúlẹ̀, wọ́n ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì sún ayẹyẹ náà síwájú. Krell ní kí Henry san £50 tó kù, ó ṣe tán, yàrá òun wà níbẹ̀, fèrèsé ibẹ̀ kò sì di. Ní ọdún 1903, kóòtù ní Henry kò ní san án. Wọ́n ní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé wọn kò dárúkọ ọba rárá, gbogbo wọn mọ̀ pé nítorí ìran ọba ni wọ́n ṣe gba yàrá.

Mo ní, "Ó tán nìyẹn, Alájà ló jàre."

"Ẹ dúró ná, Àǹtí." Ó ní lásìkò kan náà, ẹnìkan gba ọkọ̀ ojú omi ní Herne Bay pé òun fẹ́ kó èèyàn lọ wo bí ọba yóò ṣe yẹ àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ náà rìn yí àwọn ọkọ̀ ogun ọ̀hún ká. Ọba kò wá, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ogun ṣì wà lójú omi. Kóòtù ní kó sanwó, torí pé apá kan ohun tó torí rẹ̀ gba ọkọ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ẹnìkẹta, Chandler, ti san £100 nínú owó yàrá tirẹ̀. Tirẹ̀ ló burú jù. Wọ́n ní ibi tí owó bá wà nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni kó jókòó sí. £100 kò ní padà, ìyókù tó sì yẹ kó ti san kí ọba tó dùbúlẹ̀, àfi kó san án.

"Háà, ìyẹn ló dáa! Òfin rìsíìtì mi gan-an nìyẹn!"

"Ẹ tún dúró ná." Ní ọdún 1942, àwọn adájọ́ àgbà wọn yí ìdájọ́ Chandler padà, lórí ẹjọ́ ẹ̀rọ kan tí ilé iṣẹ́ ará Pólándì san £1,000 sílẹ̀ lé lórí kí ogun tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọdún tó tẹ̀lé e, 1943, ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin pé owó tí a ti san sílẹ̀ a máa padà, àmọ́ adájọ́ lè gba ẹni tó ti náwó lórí iṣẹ́ náà láàyè láti yọ ohun tó ná. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tirẹ̀ tó tọ ipa ọ̀nà kan náà. Ìyẹn ni pé bí èmi àti Alájà bá dé iwájú adájọ́, àwa méjèèjì la ó ṣẹ́ díẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń lọ kóòtù ní oṣù Kẹrin ọdún 2020? Kóòtù pàápàá ti tì.

Ìgbà náà ni ọmọ yẹn bi mí ní ìbéèrè tó dùn mí. "Àǹtí, èwo gan-an ló ti ṣègbé nínú ₦430,000?"

Inú bí mi sí i. Lẹ́yìn tí mo pa fóònù, mo mú bírò. Ìrẹsì wà nínú àpò, kò tíì ṣẹlẹ̀ sí i. Òróró wà. Ẹ̀gúsí àti pànlá wà. Màlúù, mo pè alápatà wá, a pa á ní Wẹ́sìdé, a sì tà á fún àwọn aládùúgbò tí kò rí ọ̀nà lọ sọ́jà, ₦165,000 ló wọlé. Iṣu tó bàjẹ́ kò ju ₦15,000 lọ. ₦30,000 àwọn òṣìṣẹ́, ojú mi kò gbà á pé kí n gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa nínú ilé. Gbogbo ohun tó bọ́ sómi ní tòótọ́ jẹ́ ₦110,000. Èmi tí mo ti ń pariwo ₦430,000 káàkiri ìdílé Alájà! Ojú tì mí díẹ̀, n kò ní parọ́.

Ẹ̀gbọ́n Alájà, bàbá arúgbó kan tó fẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀, ló bá wa dá sí i lórí fóònù. A pín ₦110,000 sí méjì. ₦55,000 tirẹ̀ kúrò nínú owó rẹ̀, ó ku ₦545,000 lọ́wọ́ mi, mo ní n óò lò ó fún ìnáwó náà nígbà tí wọ́n bá mú ọjọ́ mìíràn. Gbogbo wa ṣe àmín. Ẹnì kankan kò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnì kankan kò béèrè pé iye wo ni abọ́ oúnjẹ kan yóò jẹ́ nígbà náà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ọjọ́ tí wọ́n padà mú ni ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá, ọdún 2020.

Ẹni tó bá ń gbé Èkó nígbà yẹn ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ní ọjọ́ Túsìdé, ọjọ́ 20, nígbà tí ìwọ́de lòdì sí àwọn ọlọ́pàá SARS ti ń gbóná, gómìnà kéde kónílé-ó-gbélé tọ̀sán tòru, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò fẹ́ fi í sáàárín ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní tèmi, mo jókòó sílé, mo ń wo fóònù, n kò pe Alájà. Mo rò pé ó ti mọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ fún un tí rédíò kò tíì sọ? Ọjọ́ Tọ́sìdé ni mo tó pè é.

Ní ọjọ́ Fúráìdé, ọjọ́ 23, ìjọba ní láti ọjọ́ Sátidé, èèyàn lè jáde láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí Alájà fi pè mí.

"Ọ̀nà ti là. Ìyá Ìbejì, ó yá, gbé ìkòkò kaná. A óò so yìgì láago mẹ́wàá."

Mo ní, "Alájà, kí ni mo fẹ́ sè? N kò dé Mile 12 láti ìjẹrin. Kò sí ata, kò sí tòmátò, kò sí ẹran."

"Ohun tó dí ọ lọ́wọ́ ti kúrò, àbí kò tíì kúrò?"

Ìbéèrè yẹn mọ́gbọ́n dání ju bí ó ṣe rò lọ. Ohun tó dí wa lọ́wọ́ yóò kúrò láago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì tí alásè fi ń rajà, tí ó fi ń gé ẹran, tí ó fi ń lọ ata, ó ti jẹ ìyẹn lọ, kò sì lè dá a padà. Ìwé mi, tí ìlà rẹ̀ kan ṣoṣo ṣì wà bí mo ṣe bá a, kò mọ̀ ju pé nǹkan ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tó sì tán, tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jiná. Kò sì mọ ìdajì: èèyàn 400 kò lè wá, èèyàn 150 lè wá. Mo rántí ọkọ̀ ojú omi Herne Bay. Ọba kò wá, àmọ́ ọkọ̀ ogun wà níbẹ̀.

Mo se oúnjẹ èèyàn 150. Adìẹ àti ẹja inú fìríìsà mi ni mo lò, ata gbígbẹ ni mo fi se ọbẹ̀, mo da nǹkan bí ọgbọ́n abọ́ ìrẹsì nù torí iná jó o. Ní aago mẹ́rin, gbogbo àlejò ti ń sáré lọ sílé. Ìyàwó rẹwà, mo fẹ́ kí ìyẹn wà nínú àkọsílẹ̀.

Ìjà owó tún bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Alájà ní ₦2,250 ni abọ́ kan nínú ìwé. Mo ní oúnjẹ ti gbówó lórí láti oṣù Kẹta, ₦2,700 ni. Kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí, torí náà ẹni tó lè pariwo jù ni yóò borí. A parí rẹ̀ sí ₦2,700 nítorí pé bàbá arúgbó yẹn fẹ́ràn pànlá mi. Ó di ₦405,000 fún abọ́ 150, mo sì jẹ wọ́n ní ₦140,000. Oṣù Kejìlá ni mo tó san án tán. Alájà gbà á, ó ṣàdúrà fún mi, kò sì tún pè mí sí ìnáwó kankan mọ́ títí dòní. Ó ti ṣe ìsọmọlórúkọ mẹ́ta.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí ó tẹnu mọ́ yà mí lẹ́nu. Ó fò kọjá ọ̀rọ̀ owó abọ́, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ kò pè wọ́n ní Túsìdé?" Ó ní bí mo bá pè wọ́n ní wákàtí tí gómìnà sọ̀rọ̀ tán, wọn ì bá ti sún un síwájú, kò ní sí ẹni tí yóò jẹ gbèsè ẹnì kankan. Nínú ìwé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ó ní ẹni tí kò bá kéde lásìkò lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátápátá, bí ìjàǹbá náà ti wù kó tóbi tó. Mo wá fi í wé ohun tí mo gbọ́ nínú ìròyìn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí omíyalé dí àwọn tó ń fún NLNG, ilé iṣẹ́ tó ń ta gáàsì wa sókè òkun, ní gáàsì lọ́wọ́: ilé iṣẹ́ náà kéde force majeure kíá, gbogbo ayé gbọ́. Àwọn olówó náà ń pe àmúwá Ọlọ́run, àmọ́ wọn kì í fi ẹnu lásán pè é.

Ọdún 2023 ni ọwọ́ mi kọjá lọ sí ibi tí kò yẹ. Ilé iṣẹ́ kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, gbé iṣẹ́ oúnjẹ ọ̀sán fún mi, abọ́ 60 lójoojúmọ́ iṣẹ́, ₦1,400 ní abọ́ kan, láti oṣù Karùn-ún títí dé ìparí oṣù Keje. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, wọ́n búra fún ààrẹ tuntun, ó sì sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Epo tí à ń rà ní bíi ₦190 sáré dé bíi ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó máa fi di oṣù Keje ó ti ju ₦600 lọ. Ọkọ̀ tó ń gbé ata, ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ mi lọ síbi iṣẹ́ wọn, jẹnẹrétọ̀ tó ń bọ́ fìríìsà, gbogbo wọn ń mu nínú epo yẹn.

Mo ti di ọ̀mọ̀wé. Mo kọ lẹ́tà olójú-ewé méjì sí wọn pé force majeure ti ṣẹlẹ̀. Inú mi dùn sí lẹ́tà náà gan-an. Ìdáhùn wọn kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ẹ ka abala 14 nínú àdéhùn wa, kò sí iye owó ọjà níbẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí lọ́yà mi. Ó ní ọwọ́ wọn mọ́. Ó sọ ti àwọn kọ́lékọ́lé kan ní Fareham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Davis Contractors, tí wọ́n gbà láti kọ́ ilé 78 ní oṣù mẹ́jọ. Òṣìṣẹ́ wọ́n wọn, ohun èlò wọ́n wọn, oṣù 22 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ gbà pé àdéhùn náà ti forí ṣánpọ́n kí àwọn lè gba owó tó jù bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1956 ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Iṣẹ́ tó le, iṣẹ́ tó jẹ owó ju bí a ti rò lọ, iṣẹ́ náà ṣì ni. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ọ̀wọ́n, kó kọ abala ọ̀wọ́n lọ́tọ̀: bí àpò ìrẹsì bá kọjá iye báyìí, a óò jókòó tún owó abọ́ ṣe. Mo se oúnjẹ náà títí oṣù Keje fi parí, mo sì jẹ gbèsè alápatà kí n tó lè parí rẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà pẹ̀lú, nígbà tí kò sí owó níta, tí àwọn aláta kọ̀ láti gba owó tí a fi fóònù san. Mo ti fẹ́ sọ fún oníbàárà kan pé agbára mi kò ká a. Ọmọ yẹn béèrè ọjọ́ tí mo fọwọ́ síwèé pẹ̀lú rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ó ní ilé ìfowópamọ́ àgbà ti kéde láti oṣù Kẹwàá pé wọn yóò pààrọ̀ owó. Ohun tí mo ti rí tó ń bọ̀ kí n tó fọwọ́ sí i, n kò lè sọ pé ó já lù mí.

Nísinsìnyí mo ti tún ìwé mi kọ, Yorùbá lójú ewé kan, Gẹ̀ẹ́sì lójú ewé kejì, mo sì máa ń kà á sétí oníbàárà. Mo dárúkọ àwọn nǹkan náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: kónílé-ó-gbélé, òfin tó dá àpéjọ dúró, àjàkálẹ̀ àrùn, rògbòdìyàn tàbí omíyalé tó dí ọ̀nà, iná tó jó gbọ̀ngàn. Òjò kò sí níbẹ̀. Ẹni tó mú ọjọ́ ìnáwó sí oṣù Kẹfà ní Èkó, tó wá ń sọ pé òjò já lu òun, kó yá tápólì. Àìsàn tèmi náà kò sí níbẹ̀, torí mo ní ọmọ iṣẹ́, bí mo bá sì dùbúlẹ̀, èmi ni n óò wá alásè mìíràn. Ẹni tí nǹkan bá dé bá, kó sọ fún ẹnì kejì láàárín wákàtí 24, WhatsApp tó bẹ́ẹ̀. Bí ohun náà bá kúrò, alásè ní ọjọ́ méjì kó tó gbé ìkòkò kaná. Bí ó bá ju 60 ọjọ́ lọ, ẹni tó bá wù lè já àdéhùn. Nínú owó tó ti wà nílẹ̀, ohun tí mo ná tí mo sì ní rìsíìtì rẹ̀ ni mo lè yọ, tí n óò kọ́kọ́ yọ iye tí mo bá rí lórí ohun tó ṣeé tà kúrò nínú rẹ̀. Ìyókù yóò padà láàárín ọjọ́ 21, tàbí kó dúró de ọjọ́ mìíràn tí a bá fọwọ́ sí, pẹ̀lú iye abọ́ tuntun lójú ewé náà.

Ibi tó ti máa ń há ni ọ̀rọ̀ ikú. Ó yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí pé bí bàbá ìyàwó bá kú ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, kò sí ẹni tí yóò jó. Mo kọ ọ́ pé ikú òbí, ọkọ tàbí ìyàwó nìkan ni. Bí mo bá kọ "ìbátan" sílẹ̀, ìdílé Yorùbá wo ni kò ní rí òkú sin lọ́sẹ̀ kan? Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti ka ikú sétí ìyá ìyàwó. Ẹnìkan dìde kúrò lórí àga, ó ní òun kò ní gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọ ilé òun. Òmíràn bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́ bí "ohun tí a kò gbàdúrà fún". Mo fẹ́ gbà fún un, àfi ìgbà tí lọ́yà mi ní adájọ́ yóò béèrè ohun tí à ń gbàdúrà fún gan-an. Mo rò pé èyí ló jẹ́ kí a máa bọ́ sínú gbèsè láàárín ara wa ju àìmọ̀wé lọ: a kì í fẹ́ dárúkọ ibi níbi tí a ti ń jẹun.

Oníbàárà tí mo bá jókòó kẹ́yìn, àbúrò kan tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí 60 fún ìyá rẹ̀, gbà kí n kà á tán. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan ó ń fọwọ́ gbo orí, ó ń sọ pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Mo dúró dè é ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Iná gbọ̀ngàn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Rògbòdìyàn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ikú, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo dé ìlà tó sọ pé màlúù tí mo bá ti rà di ti àwa méjèèjì títí di ọjọ́ ìnáwó, kò ṣàdúrà.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ óò ya fọ́tò rẹ̀ fún mi?"